Òkè Tí Mo Dá Sísàlẹ̀ Òkun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà mí dé ìparí kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà tí mi ò tíì lọ́kọ. Ìyá tó bí mi kú láìgbọ́ ọ. Ọkọ mi gan-an, àná ni mo tó sọ fún un.

Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní ojú èèyàn ni wọ́n ti dójú ti òun, kò sì yẹ kó jẹ́ pé ìkọ̀kọ̀ ni màá ti tú u sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ.

Olùkọ́ ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí ní Ṣábẹ̀. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé mo gboyè dókítà nílùú òyìnbó, wọ́n sì máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi padà wálé wá máa jẹ eruku ẹfun. Mo máa ń sọ pé ìfẹ́ ilé ni. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ní Ofè ni bàbá mi ti ń gbin iṣu àti kajú. Mo ti pé ọmọ ogún ọdún kí n tó fojú kan òkun, ní Kútọnu, lọ́dún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì. Mo dúró lórí yanrìn, mo ń ronú ohun tó wà nísàlẹ̀ gbogbo omi yẹn. Mi ò lè kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Rafíù jẹ́ ọmọ ìlú Adido. Ọdún kan ni mo fi jù ú lọ, nítorí náà “Ẹ̀gbọ́n” ló ń pè mí. Lísé kan náà, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama, la jọ lọ, a sì jọ dé yunifásítì. Mùsùlùmí ni, Kátólíìkì ni mí, ṣùgbọ́n ilé kan náà la ti gba yàrá. Nígbà àwẹ̀, èmi ni mo máa ń bá a se oúnjẹ ìṣínu. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, òun ló ka gbogbo ìwé sí mi létí.

Nígbà tí à ń parí ẹ̀kọ́ wa, ọkọ̀ òkun kan tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí ti òkè òkun wá sí etíkun wa. Purofẹsọ̀ wa ni olórí ìwádìí náà láti apá tiwa. Ó mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì lọ, èmi àti Rafíù. Ó sì ti sọ fún wa ṣáájú pé ẹnì kan péré nínú wa ni wọ́n máa fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lókè òkun lẹ́yìn ìrìn àjò náà.

Rafíù kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí tó bá dúró sílé nínú wa ni kó ra ẹ̀wù òtútù fún èyí tó ń lọ.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, kí ẹ lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ mi ṣe rí. A fẹ́ mọ irú òkúta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ òkun, níbi tí ojú kò lè dé. Ohùn la fi ń wá a. Ọkọ̀ wa ń wọ́ irin kan lẹ́yìn tó máa ń fi afẹ́fẹ́ lu omi, gbàù, gbàù, láìsinmi. Ohùn yẹn á wọ inú omi lọ, á gba inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kọjá, á wọ inú òkúta, á sáré nínú rẹ̀, á tún padà gòkè. Nínú omi, ohùn máa ń rin bíi kìlómítà kan àbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú òkúta líle, ó máa ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nítorí náà, bí a bá mọ àkókò tí ohùn fi rìn, tí a sì mọ bí ibi tó ti wá ṣe jìnnà tó, a lè sọ bóyá ẹrẹ̀ ló gbà kọjá tàbí òkúta.

Ohun tó ń bá wa gbọ́ ohùn náà ni à ń pè ní bùé. Ó rí bí ọ̀pá irin tó sanra, tí ènìyàn kan lè gbé mọ́ra. Bí a bá jù ú sómi, apá òkè rẹ̀ á léfòó, apá ìsàlẹ̀ á sọ etí kan kalẹ̀ lórí wáyà gígùn. Ọkọ̀ á máa lọ ní tirẹ̀, bùé á wà lẹ́yìn, gbogbo ohun tó bá gbọ́ ni á máa fi rédíò ránṣẹ́ sí wa, títí a ó fi jìnnà débi tí kò ní lè bá wa mọ́. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, á rì fúnra rẹ̀. A kì í padà lọ gbé e. Bùé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìkànnì rédíò tirẹ̀.

Ìdí ọkọ̀ ni Rafíù wà. Òun ló ń ju bùé, òun ló ń kọ àkókò tó wọ omi àti ìkànnì rẹ̀ sínú ìwé. Inú yàrá ni èmi wà, níwájú ẹ̀rọ. Èmi ni mò ń yí ìkànnì, tí mò ń wo ìlà tí ohùn náà ń fà, tí mo sì ń gbà á sílẹ̀.

Bùé mẹ́wàá àkọ́kọ́ lọ láìsí àléébù. Purofẹsọ̀ wa, tí mo máa ń pè ní Ọ̀gá, yìn mí lójú gbogbo èèyàn, ó ní ọwọ́ mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé àwáwí ni mò ń wá. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìyìn yẹn gùn mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin òyìnbó kan tó jẹ́ onímọ̀ ńlá nínú ọkọ̀ náà wọ yàrá wá. Ó ní kí n fi bí mo ṣe ń ṣe é han òun. Inú mi dùn. Mo dìde, mo ń fi ìka tọ́ka sí èyí àti ìyẹn, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sídìí iṣẹ́ náà. Àárín ọ̀rọ̀ mi ni tọkí-wọkí tí èmi àti Rafíù fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ ké.

“Ẹ̀gbọ́n, bùé kọkànlá ti wọ omi o. Ìkànnì mẹ́rìnlá. Ṣé ẹ gbọ́ mi?”

“Mo gbọ́,” ni mo dáhùn.

Mi ò gbọ́ ju pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lọ. Mi ò yí ìkànnì. Ẹ̀rọ mi ṣì wà lórí bùé kẹwàá, tí kò tíì rì, tó ṣì ń gbọ́ wa láti ọ̀nà jíjìn. Ohùn ń wọlé, ìlà ń fà, mo sì rò pé kọkànlá ni. Nígbà tí obìnrin náà jáde tán, mo jókòó, mo wo ìlà náà dáadáa, mo rí i pé kì í ṣe ti kọkànlá. Mo sáré yí i sí mẹ́rìnlá. Ariwo ṣáá ló ń dún níbẹ̀, bí òjò lórí páànù. A ti jìnnà jù. Bùé kọkànlá ti sọ gbogbo ohun tó ní láti sọ, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Ọ̀gá ti sọ fún wa lọ́jọ́ tí a gbéra pé, “Bí bùé kan bá ṣòfò, ẹ sọ fún mi lójú ẹsẹ̀. A ó yí ọkọ̀ padà, a ó ju òmíràn. Kò sí ìbínú níbẹ̀.” Bùé ṣì pọ̀ nínú àpótí. Kí n gun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, kí n sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, ó tán. Mo dìde. Mo dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn náà, mo gbá ọwọ́ irin rẹ̀ mú. Mo wá rántí pé ẹnì kan péré ni wọ́n máa mú nínú wa. Mo padà lọ jókòó.

Mo mú ohùn tí mo gbà láti ọ̀dọ̀ bùé kẹwàá, mo fi orúkọ kọkànlá sí i. Mo dín àkókò rẹ̀ kù, kó lè dà bíi pé ìtòsí ló ti wá. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ohun tí mi ò rò ni pé ohùn tó wá láti ọ̀nà jíjìn ti sáré gba inú òkúta líle tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohùn ìtòsí, ohun tí ìwé mi wá ń sọ ni pé òkúta líle fẹ́rẹ̀ẹ́ yọrí jáde níbẹ̀. Ẹrẹ̀ lọ́tùn-ún, ẹrẹ̀ lósì, òkè láàárín. Kò sí òkè kankan níbẹ̀. Èmi ni mo dá a.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí a padà sílé, Ọ̀gá pè wá. Àwọn olùkọ́ méjì jókòó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì dúró lẹ́yìn. Ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì, ó ní òun kò gba òkè yìí gbọ́. Ó ní ó jọ pé àkókò tí wọ́n kọ fún bùé kọkànlá kò tọ̀nà. Ó yíjú sí Rafíù.

“Aago wo lo wò?”

“Aago ìdí ọkọ̀ ni, Purofẹsọ̀. Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe kọ ọ́.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Ó wá wò mí. “Ìwọ ńkọ́?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Mo ní, “Mi ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀, Ọ̀gá. Ohun tó kọ ni mo lò.”

Gbólóhùn méjèèjì jọ òótọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rọrùn láti sọ. Rafíù wò mí. Kò bínú. Ó dúró, bí ẹni pé mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ọ̀gá ní ẹni tí kò lè ka aago kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. Ọ̀gá fi bírò kọ àmì ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọkànlá, ó sì pa ìwé dé.

Èmi ni wọ́n mú. Rafíù bá mi gbé ẹrù dé pápákọ̀ òfurufú, ó sì mú ẹ̀wù òtútù kan wá, aláwọ̀ búlúù, tí ó ti ká sínú ọ̀rá. Mo wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́rin.

Mo kàwé parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó níwájú ẹ̀rọ yẹn mọ́ kí n má rí ojú Rafíù. Nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ kọ nọ́ńbà kan, ọwọ́ mi á dúró. Mo wálé, mo gba iṣẹ́ olùkọ́. Rafíù ní tirẹ̀ ti padà sí Adido. Ó ń gbin òwú àti àgbàdo, ó sì ń bá àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ lọ káàkiri abúlé, kó máa kọ bí wọ́n ṣe jìn tó àti irú ilẹ̀ tí wọ́n bá pàdé.

Kò bá mi ṣọ̀tá. Nígbà tí mo bí ọmọ mi àkọ́kọ́, ó gbé iṣu wá sí ìsọmọlórúkọ. Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti lọ díẹ̀díẹ̀, ó jókòó tì mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbà pé èmi ni. Mo ti ro ọjọ́ yẹn títí. Ó lè jẹ́ aago ọwọ́ mi ni mo wò, tí mo rò pé ti ìdí ọkọ̀ ni. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń wo nǹkan kí n tó kọ ọ́. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi mí ṣẹ̀rín.”

Mo bu oúnjẹ kún tirẹ̀. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò tàsé rárá ni mo sọ di ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́, mo sì bu oúnjẹ fún un.

Ǹ bá gbé e wọ sàréè. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rebékà wá sílé mi. Ọmọ ìlú Sakin ni, èmi ni mo kọ́ ọ ní físíìsì kó tó lọ sí yunifásítì. Ó ń kọ mẹ́múà, ìyẹn ìwé ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ kó tó gboyè. Àwọn nọ́ńbà ìrìn àjò wa ìgbà yẹn ni wọ́n fún un láti fi ṣiṣẹ́. Wọ́n ti dà wọ́n kọ láti ìwé kan sí òmíràn, àmì ìbéèrè tí Ọ̀gá kọ síbẹ̀ ti já sọ́nà.

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. “Màdáàmù, ẹ wò ó. Òkè kan wà níbí tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí! Orí rẹ̀ ni mo fẹ́ gbé gbogbo mẹ́múà mi kà.”

 Mo ní ó dára, màá wò ó.

Ó tún ní, “Orúkọ ẹnì kan wà pẹ̀lú tiyín, Rafíù. Ó yẹ kí n bi í léèrè nípa bùé kọkànlá. Ṣé ẹ mọ ibi tó wà?”

Mo ní mi ò mọ̀. Adido, tí zémì, alùpùpù akérò, ń gbé èèyàn lọ láàárọ̀ kó sì padà kí oòrùn tó mú! Mo ní mi ò mọ̀. Ọmọ náà dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó lọ. Mo jókòó síbi tó fi mí sí. Mo rí i pé mo tún ti ń ṣe é.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò lè kọ́ àwọn ọmọ dáadáa. Lọ́jọ́ kẹrin, ọjọ́ Sátidé, mo gun zémì lọ sí Adido.

Mo bá Rafíù lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé rẹ̀, ó ń yin àgbàdo kúrò lára ṣùkù. Ó fún mi ní àga, ó bu omi fún mi. Mi ò mu omi náà.

“Rafíù, aago tí o wò lọ́jọ́ yẹn tọ̀nà.”

“Aago wo, Ẹ̀gbọ́n?”

“Ti ìdí ọkọ̀. Ti bùé kọkànlá. Ìwọ kọ́ lo ṣe àṣìṣe. Èmi ni. Mi ò yí ìkànnì.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, títí dé ọ̀rọ̀ Rebékà. Kò dá mi dúró. Ó yin àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ títí kò fi ku ẹyọ kan, ó wá gbé ṣùkù rẹ̀ sílẹ̀.

“Nígbà tí ẹ ní ẹ gbọ́?”

“Mi ò gbọ́.”

“Mẹ́rìnlá ni mo sọ.”

“Mẹ́rìnlá ni.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó pe ìyàwó rẹ̀. “Sàlámátù, wá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un sọ, kó gbọ́.”

Mo tún un sọ. Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Sàlámátù kò pariwo. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí ọkọ mi máa ka ohun tó ti kọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta? Ẹ sì ti jẹun nílé yìí.” Ó wọlé lọ.

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Rafíù na ọwọ́. “Ẹ má tíì bẹ̀ mí, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Sakin yẹn lẹ kọ́kọ́ máa sọ fún, lónìí, kó tó dúró síwájú èèyàn bí mo ṣe dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ síta. Ẹ kọ orúkọ mi sí i, Rafíù nìkan ti tó, ará Adido á mọ̀. Ní ti èmi, ẹ ṣì máa lọ ná. Bí mo bá fẹ́ rí yín, màá ránṣẹ́.”

Kódà lọ́jọ́ yẹn, kò sọ “ìwọ” sí mi.

Mo pe Rebékà kí n tó dé ilé. Ó wá ní ìrọ̀lẹ́. Òkè tó pàdánù kọ́ ló pa á lẹ́kún. Ohun tó bi mí ni pé, “Màdáàmù, lọ́jọ́ tí mo wá, ẹ ti mọ̀?” Mo ní mo ti mọ̀. Ó kó kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dìde.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó fi pọ́tábù, ìyẹn fóònù rẹ̀, pè mí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ti yọ bùé kọkànlá kúrò, ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun nínú àwòrán rẹ̀, ó sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ó ti dé Adido. Rafíù ṣì ní ẹ̀dà ìwé tó ń kọ àkókò sí nídìí ọkọ̀, ó wé e sínú ọ̀rá. Rebékà fi ìyára ọkọ̀ ṣírò gbogbo àkókò náà, láti bùé àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Gbogbo wọn bára mu. Ti kọkànlá náà bá wọn mu, kò fi ìṣẹ́jú kan yẹ̀.

“Ó ní kí n ka ìyẹn fún òun lẹ́ẹ̀kejì,” ni Rebékà wí. “Lẹ́yìn náà ó jáde lọ sí oko.”

Mo ti kọ̀wé sí Ọ̀gá wa, tó ti fẹ̀yìn tì. Kò tíì fèsì. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí oyè mi, mi ò sì ní bá wọn jiyàn.

Ṣùgbọ́n Rafíù kò tíì ránṣẹ́. Mo pàdé Sàlámátù ní ọjà Ṣábẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Mo kí i. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ògiri, ó sì kọjá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkọ mi ní kí n kó àwọn àgbààgbà ìdílé méjèèjì jọ, kí a lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ọkàn mi fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń bi ara mi pé ṣé nítorí tirẹ̀ ni màá fi lọ, àbí nítorí kí n lè sùn? Ó ti sọ ohun tó fẹ́. Ó sọ ọ́ kedere. Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ṣé ẹ fẹ́ kí ẹni náà wá, àbí ẹ fẹ́ kó dúró?

Rafíù, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, mo bẹ̀ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Mi ò ní wá láìjẹ́ pé o pè mí. Èyí tí o bá sọ fún mi lọ́tẹ̀ yìí, màá gbọ́ ọ.